Ọmọ wà n'Ìbàdàn, àwa wà ní Maryland: báwo lẹ ṣe fara da irú ìdúró báyìí?

Aya_Tíṣà (Maryland), 6 Oṣù Kẹwàá 2024

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo kọ́kọ́ dá tèmi sílẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ti gba ìwé ọmọ Amẹ́ríkà, a ò sì fi ti Nàìjíríà sílẹ̀. A gba ọmọkùnrin kan tọ́ ní Ìbàdàn. Kóòtù ti fọwọ́ sí i, orúkọ wa ló ń jẹ́, ọmọ wa ni níwájú òfin Nàìjíríà. Níwájú òfin Amẹ́ríkà ńkọ́? Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù I-600 wa, èyí tí a fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ka ọmọ aláìlóbìí tí a gbà tọ́ sí ọmọ wa, wà lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn ṣì ń ṣe ìwádìí I-604, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ọmọ náà kò ní òbí tó ń wá a, pé ẹnikẹ́ni kò tà á, ẹnikẹ́ni kò rà á. Bí a bá bi wọ́n pé ìgbà wo ló máa parí, wọn kì í dá ọjọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló wà báyìí, ní Bódìjà. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo lọ gbé pẹ̀lú rẹ̀ kí kóòtù tó jókòó, nítorí òfin ní ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á fún oṣù mẹ́ta gbáko kí àṣẹ tó jáde. Nígbà tí ìsinmi tán, mo padà wá. Láti ìgbà náà, orí fóònù la ti ń ṣe òbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé bàtà rẹ̀ sójú kámẹ́rà, ó ní kí n wò ó, kò gba ẹsẹ̀ òun mọ́. Mo ti ra òmíràn sílé níbí, ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fi rà á. Ìyẹn náà kò ní gbà á mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú èyí kọjá, kí lẹ ń ṣe ní gbogbo àsìkò tẹ́ ẹ ò gbúròó ẹnikẹ́ni? Kí lẹ sì ń sọ fún ọmọ tó ń béèrè pé ìgbà wo ni bàálù ń bọ̀?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston, 6 Oṣù Kẹwàá 2024

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Ojú wa rí i náà. Ohun tó dùn wá jù ni pé ìwé a máa kú síni lọ́wọ́ nígbà téèyàn ń dúró. Ìka tẹ́ ẹ lọ tẹ̀ fún USCIS, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀ràn ìwọ̀lú, oṣù 15 péré ló ń lò. Home study yín, ìyẹn àyẹ̀wò ilé àti ìdílé yín, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi í ránṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá kó kúrò nílé, tàbí tí àgbàlagbà kan bá wá ń bá yín gbé, ẹ ní láti tún un ṣe. Àbúrò ìyàwó mi wá kàwé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Òun náà lọ tẹ̀ka, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe yẹ àwa náà wò.

Ẹ kọ gbogbo déètì yẹn sára kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì ti máa múra nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kú. Ẹ má dúró kí ẹ́jẹ́ńsì tó ń bá yín ṣètò ìgbàtọ́ rán yín létí, wọ́n ní èèyàn púpọ̀ lọ́wọ́.

Ní ti ọmọ tó ń béèrè bàálù, àwa kì í dá ọjọ́ fún tiwa. Ọmọ kékeré kò mọ oṣù tó ń bọ̀. Ohun tó lè fọwọ́ kàn la máa ń sọ: tó o bá jẹun alẹ́ tán, Dádì á pè. A sì rí i pé a pè, ì báà rẹ̀ wá tó báwo.

Gbáfẹ́_Ìkẹjà, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ìyà yìí ti pọ̀ jù. Ọmọ tí kóòtù ti fún yín! Àwọn kan wà nílùú yìí tí wọ́n ń báni ṣe é wéré. Wọ́n á gba ìwé ọjọ́ ìbí tuntun bíi pé ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ ó wá gba pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ bíbí inú yín. Àwọn tí mo mọ̀ ṣe é, wọ́n ti wà lọ́hùn-ún báyìí. Ọmọ ń dàgbà, ẹ̀yin ń kọ lẹ́tà. Ta ni ìyẹn ṣe láǹfààní?

Wẹ́fíà_Abẹ́òkúta, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Gbáfẹ́, ọmọ mi, mo mọ̀ pé àánú ló mú ọ sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má júwe irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Iṣẹ́ wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn ọmọ, ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á tí ìlẹ̀kùn yìí fi le.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn kan ń kó ọmọbìnrin tó lóyún pamọ́ sínú ilé, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á tà á. Àwọn mìíràn á gbé pátákó ilé ọmọ aláìlóbìí síta láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní ìyá, ìyá sì ń sunkún kiri. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tọ́ pẹ̀lú ọkàn mímọ́ lè ti ibẹ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ láìmọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á. Ìwé ìbí ayédèrú kì í sì í pẹ́ tú. Àwọn ará Amẹ́ríkà lè ní kẹ́ ẹ wá ṣe àyẹ̀wò DNA fún ọmọ tẹ́ ẹ bá ní ẹ bí sílé. Lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, ẹjọ́ dé, wọ́n á sì gba ọmọ lọ́wọ́ yín, òun tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kẹ́ ẹ ti sọ fún wẹ́fíà, ó kéré tán oṣù 12 kí àṣẹ tó jáde, pé ẹ fẹ́ gba ọmọ. Nígbà tèmi, àkókò yẹn la fi ń wá ẹbí ọmọ. Ọlọ́pàá á kọ tiwọn, àwa á lọ sí àdúgbò tí wọ́n ti rí i, a ó rí baálẹ̀, a ó bi àwọn ìyálọ́jà. Mo rántí ìyá arúgbó kan tó fẹsẹ̀ rìn láti abúlé wá sí ọ́fíìsì wa. Ó gbọ́ pé a ń béèrè nípa ọmọ kan tí wọ́n rí pẹ̀lú àdìrẹ tí wọ́n fi wé e. Ó mú ìlàjì àdìrẹ náà wá láti ilé. A tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣe wẹ́kú. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ká ní a ti kánjú ni, ọmọ yẹn ì bá ti wà lẹ́yìn odi pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ìyá àgbà yẹn ì bá sì máa di ìlàjì àdìrẹ náà mú títí tó fi kú.

Ọ̀rọ̀ kan sí i fún ẹ̀yin ará òkè òkun. Òfin àpapọ̀ yẹn béèrè pé kí ẹni tó ń gba ọmọ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún ọdún márùn-ún, kó sì fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ lọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wá ṣe tirẹ̀. Ti Èkó jáde ní 2007. Ibi ọdún márùn-ún yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Kí lọ́yà yín ka òfin ìpínlẹ̀ tí ọmọ wà gan-an kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ọmọ_Ọ̀ṣun_Peckham, 8 Oṣù Kẹwàá 2024

Màmá, ẹ ṣeun. Tiwa ní London tiẹ̀ ti há. Ìjọba ibí fi ìdènà sí gbígba ọmọ tọ́ láti Nàìjíríà láti 12 Oṣù Kẹta 2021, nítorí ohun tẹ́ ẹ sọ yìí gan-an: òwò ọmọ àti ìwé tí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbà á láyè gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣàlàyé ìdí tí ọ̀ràn tirẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. A ti kọ tiwa. A ti ń ṣe àyẹ̀wò ilé lọ nígbà tí ìdènà yẹn dé bá wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun lè gbà á ní kóòtù nílé kí òun kàn mú un wọ bàálù. Ẹni tó ń gbé UK, tó bá mú ọmọ tó gbà tọ́ lókè òkun wọlé láàárín oṣù 12 lẹ́yìn tó gbà á, láìtẹ̀lé ìlànà, ẹ̀sùn ọ̀daràn ni, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìdènà yẹn gba àwọn ọmọ kan là. Ó tún há àwọn ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni mọ́ inú ilé ọmọ aláìlóbìí. Méjèèjì ni mo ń rò lójoojúmọ́.

Bàbá_Ìbejì_Dallas, 11 Oṣù Kẹwàá 2024

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ó ti pé ọdún 13. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n nǹkan ò rọrùn fún wọn. Ẹbí jókòó, wọ́n ní kí n gbà á, kó wá kàwé lọ́dọ̀ mi. Ṣé I-600 yìí náà ni mo máa kọ?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston, 11 Oṣù Kẹwàá 2024

Ẹ̀gbọ́n, rárá. Àdéhùn ẹbí dáa lójú wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló dàgbà lọ́dọ̀ àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá, ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ẹni tí I-600 wà fún ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tí òbí rẹ̀ méjèèjì ti kú tàbí tí wọ́n ti já a jù sílẹ̀, tàbí tí òbí kan ṣoṣo tó kù kò lágbára láti tọ́ ọ, tó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọ̀ǹda rẹ̀ pátápátá kó máa lọ. Bàbá àti ìyá tó jọ ń gbé ọmọ wọn nílé, tí wọ́n kàn fẹ́ kó rí ẹ̀kọ́ tó dáa, kò sí lára wọn.

Ọ̀nà kejì wà, ti I-130, fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń bẹ̀bẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ọmọ tọ́ ní kóòtù kó tó pé ọdún 16, kí ọmọ ti wà ní ìkáwọ́ yín lábẹ́ òfin fún ọdún méjì, kẹ́ ẹ sì ti jọ gbé fún ọdún méjì. Ìyẹn ni pé ọ̀kan nínú yín á padà lọ gbé ilé. Ó gbówó lórí, ó sì gba àkókò, ọmọ yín kò sì ní pẹ́ kọjá ọjọ́ orí.

Tó bá jẹ́ ìwé ló fẹ́ kà, ẹ̀gbọ́n, ẹ ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́ kó kà á nílé, kó wá gba físà akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bàbá rẹ̀ di òkú lórí ìwé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ọmọ_Kent_Tẹ́lẹ̀, 13 Oṣù Kẹwàá 2024

Èmi ò wá gba ọmọ. Èmi ni ọmọ.

Àwọn òbí mi wá kàwé ní London ní àwọn ọdún 1960. Láti àwọn ọdún 1950 ni ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ti ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó, ní Kent, ní Sussex, ní Essex. Ìpolówó inú ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n. Kò sí kóòtù, kò sí wẹ́fíà tó wá wo ilé. Owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san. Ìyá òyìnbó tó tọ́ mi ṣe dáadáa sí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí Ọlọ́run fi pè é.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òbí mi wá, wọ́n mú mi lọ sí Èkó. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi ṣáájú. N ò gbọ́ Yorùbá. Mo dé inú agbo ilé kan tí gbogbo èèyàn ń fà mí mọ́ra, tí wọ́n ń ki mí, tí wọ́n ń sunkún ayọ̀, èmi sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Nítorí náà, Aya_Tíṣà, mi ò ní sọ pé kí ìdúró yín tètè parí nìkan. Ẹ lo àsìkò náà. Ẹ ya fọ́tò ilé tí ọmọ wà, géètì, ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀. Ẹ gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ nígbà tó bá ń sùn ún. Aṣọ tó máa ń dì mú sùn, ẹ má fọ̀ ọ́ kó tó wọ bàálù, kí òórùn ilé wà lára rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa sọ fún un láti ìsinsìnyí pé ibì kan wà tó ń lọ, pé ibi tó ti wá kò ní parẹ́. Ẹ má jẹ́ kó bá ara rẹ̀ lójijì níbì kan.

Aya_Tíṣà (Maryland), 13 Oṣù Kẹwàá 2024

Bàbá, mo ka tiyín lójú iṣẹ́, mo ní láti jáde síta. Ẹ ṣeun. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi, ọmọ ilé ẹ̀gbẹ́ wọn ló kà á fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìyá náà díẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìgbàtọ́, wọn ò gbà rárá. Wọ́n ní, ìdílé wo ni? Kí ni èèwọ̀ wọn? Ta ló mọ ohun tó pa òbí rẹ̀? Ọkọ mi bá wọn sọ ọ́ títí. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá padà sí Amẹ́ríkà, ọwọ́ àlejò ni wọ́n á fi mú ọmọ. Ní báyìí, Àjàní ni wọ́n ń pè é, oríkì bàbá bàbá ọkọ mi. Láàárọ̀, kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀kọ, wọ́n á kì í délẹ̀, ó sì ti mọ ibi tó yẹ kóun dáhùn. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi kan ń sọ pé ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jogún, àwọn ni wọ́n dá a lóhùn pé òfin ti sọ ọ́ di ọmọ, àwọn sì ti sọ ọ́ di ọmọ ṣáájú òfin.

Ọ̀pọ̀ yín fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi mí bí wọ́n ṣe rí i. Ẹ forí jì mí. Òun ló ni ìtàn yẹn. Bó bá dàgbà, òun ló máa sọ ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún.

Aláàánú_Atlanta, 20 Oṣù Kẹwàá 2024

Àwa dúró de ọmọ Ẹtiópíà, ìyàwó mi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ nígbà kan. Ní Oṣù Kìíní 2018, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fòpin sí i kí àlejò máa gba ọmọ wọn tọ́. Ó parí síbẹ̀. Nígbà tí Ṣáínà náà kéde ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí pé àwọn ti ti ìlẹ̀kùn, mo ronú nípa àwọn ìdílé tí wọ́n ti fi fọ́tò ọmọ hàn wọ́n láti ọdún bíi mélòó kan. Ní 2004, ọmọ tó wọ Amẹ́ríkà lọ́nà yìí lé ní 22,000. Ní 2023, 1,275 ni.

Apá kan nínú rẹ̀ dáa: orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń wá ilé fún ọmọ wọn nílé wọn. Àdéhùn Hague ti 1993, èyí tó wà fún gbígba ọmọ tọ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, náà sọ pé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá a. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ti wọ àdéhùn yẹn. Nàìjíríà kò tíì wọ̀ ọ́, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìwádìí orí ọmọ Nàìjíríà máa pẹ́, nítorí pé kò sí ọ́fíìsì kan ní Àbújá tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún Amẹ́ríkà lórí gbogbo ìpínlẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a wà lẹ́yìn odi máa kọ̀wé sí àwọn aṣòfin nílé lórí èyí.

Wẹ́fíà_Abẹ́òkúta, 20 Oṣù Kẹwàá 2024

Òótọ́ lo sọ. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ lọ́la, ẹ tún gbọ́dọ̀ fún àwọn wẹ́fíà ní mọ́tò àti owó epo. Owó ara wa la fi ń wọ ọ̀kadà lọ wá ẹbí ọmọ.

Aya_Tíṣà (Maryland), 14 Oṣù Kejìlá 2024

Ìròyìn dé. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún Consulate, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó, ti débẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí tó ti wá, wọ́n wo ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ tó bá wọlé, wọ́n fi wé ti ọlọ́pàá àti ti kóòtù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sí Bódìjà. Wọ́n bi ìyá ọkọ mi ní ìbéèrè títí tí omi ìrẹsì fi gbẹ lórí iná. Ìyá ní inú bí àwọn díẹ̀ nígbà tí wọ́n béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni fún àwọn lówó. Mo ní kí wọ́n má bínú. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n bi gbogbo ilé tó wà ní Nàìjíríà tí ọmọ bá ti jáde.

Ọmọ kò jáde sí wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ ló wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde, ó ní kí ọ̀kan nínú wọn gbá a. Ó gbá a.

Wọn ò sọ ìgbà tí èsì á jáde.

Tuntun_Chicago, 4 Oṣù Kìíní 2025

Ẹ kú ọdún o. Mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan fi fọ́tò ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí wa lórí Facebook, ọkàn wa sì ti fà sí i. Ṣé ká sanwó kí wọ́n fi í sílẹ̀ dè wá ná?

Aya_Tíṣà (Maryland), 4 Oṣù Kìíní 2025

Àbúrò mi, ẹ kú ọdún. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ má sì dá ẹni náà lóhùn mọ́. Ilé tó forúkọ sílẹ̀, tó sì ń tẹ̀lé òfin, kì í gbé fọ́tò ọmọ kiri Facebook.

Ọ̀dọ̀ ara yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti Oṣù Keje 2014, òfin Amẹ́ríkà ti ní ẹ́jẹ́ńsì tí wọ́n fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú àdéhùn Hague. Ẹ wá ọ̀kan, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà rí. Ẹ ó ṣe home study. Wọ́n á wo yàrá yín, wọ́n á wo owó yín, wọ́n á béèrè nípa yín ní gbogbo ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti gbé láti ìgbà tẹ́ ẹ ti pé ọdún 18. Ẹ ó gba ẹ̀kọ́, ó kéré tán wákàtí 10. Ẹ fi ọkàn sí i, a rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ níbẹ̀ nípa ọmọ tó ti pàdánù èèyàn. Lẹ́yìn náà lẹ ó fi I-600A ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ òbí wò. Nígbà tí wọ́n bá gbà yín lẹ tó máa lọ sọ́dọ̀ wẹ́fíà ìpínlẹ̀, àwọn ló sì máa mú yín mọ ọmọ.

Tiwa ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń lọ tún ìka tẹ̀, torí oṣù 15 ti fẹ́ pé. Ọmọ_Ìjẹ̀bú, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà yẹn. Tuntun_Chicago, bẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè mìíràn, ẹ bi mí níbí, ẹ má bi mí ní kọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè kà á.